Bàlíkísù Ti Rí I

Gáàsì ni mo kọ̀wé nípa rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ìlà méjì ni, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi: "Gáàsì ti wà ní Ṣàngótẹ̀dó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Èrò ò tíì pọ̀, ẹ tètè lọ." Mo gbé e sórí status WhatsApp mi ní aago méje kọjá díẹ̀, mo fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, mo lọ gbé omi tíì kaná. Nígbà tí mo fi padà dé, ó ti tó igba ènìyàn tó ti wò ó, ṣùgbọ́n èsì kan péré ló wọlé. Ọ̀dọ̀ Mùínàt ló ti wá, obìnrin tó ń ta ìṣó àti àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ajah. Ó kọ ọ́ báyìí: "Àǹtí, ẹ kú ọ̀fọ̀ Bàbá o. Ọlọ́run á forí jì wọ́n, á tẹ́ wọn sí Alijanna. A wá yín tì níbi ìsìnkú lánàá, ṣé kò sí láburú?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ló fẹ́ kọ ọ́ sí, pé ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì. Bàbá kan ṣoṣo ni mo ní, wọn ò sì ṣàìsàn. Àbí wọ́n ṣàìsàn? Mi ò mọ̀. Mo dúró ní kíṣìnì mi ní Thomas Estate, omi ń hó lórí iná, mi ò lè sọ bóyá bàbá tó bí mi lọ́mọ ṣàìsàn tàbí wọn ò ṣàìsàn. Ohun tó kọ́kọ́ tì mí lójú nìyẹn, kí èyí tó kù tó dé.

Mo pe Ishaq, àbúrò mi tó ń gbé pẹ̀lú Bàbá. Fóònù dún títí, kò gbé e. Mo pe fóònù Bàbá, wọ́n ní ó wà ní pípa. Mo tún pe Ishaq lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wá já ìpè náà níkẹyìn. Mo wọ bàtà, mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mi ò tilẹ̀ rántí pa iná gáàsì. Ẹnu géètì ni mo ti rántí, mo sì ní láti padà.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kó má baà dà bíi pé ẹnì kan ló fi nǹkan pamọ́ fún mi.

Láti Ajah títí dé Ṣàngótẹ̀dó, Àǹtí Ìlà Méjì ni wọ́n ń pè mí. Ó ti di ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ṣe é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, n ó ti bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀, n ó ti bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ̀rọ̀, n ó ti mọ ibi tí omi gba ojú títì, ibi tí wọ́n ti gbẹ́ ọ̀nà tì, àdúgbò tí iná ti lọ, ilé epo tó ń ta àti èyí tó ń díbọ́n. N ó wá kọ ọ́ ní ìlà méjì, n ó gbé e jáde. Kò sí ìkíni níbẹ̀, kò sí "mo lérò pé a jí ire". Ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ kí n dárúkọ òun á san nǹkan, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ó sì wúlò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé kò wúlò. Nígbà tí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta kan sọnù lọ́jà Ajah, ìlà méjì tí mo kọ ni wọ́n fi rí i kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí obìnrin kan ń rọbí tí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀, ẹni mẹ́ta ló ti dé ọsibítù kí wákàtí kan tó pé. Ìyá arúgbó kan wá láti Ṣàngótẹ̀dó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí pé ọmọ rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà kan tí àgbàrá gbé ọkọ̀ mìíràn lọ. Mo ń fi gbogbo rẹ̀ yangàn, mo sì mọ bí a ṣe ń yangàn.

Àwa tí à ń fi status jẹun ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: wo tèmi, kí n wo tìẹ. Bí ènìyàn bá wo status rẹ, orúkọ rẹ̀ á hàn sí ọ, aago tó wò ó á sì hàn. Ẹni tó bá wá orúkọ rẹ lọ́jọ́ mẹ́ta tí kò rí i, òun náà á pa tìẹ tì. Nítorí náà, bí mo bá ti gbé tèmi jáde láàárọ̀, n ó máa fi àtàǹpàkò tẹ tàwọn ẹlòmíràn kọjá, ọ̀ọ́dúnrún, irínwó, n ó máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń pa iná orí. Mi ò kì í kà wọ́n. Ta ló ráyè? Ojú mi lè wà lára ìkòkò, ó lè wà lára tẹlifíṣọ̀n, àtàǹpàkò mi á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí orúkọ mi ṣáà ti hàn.

Gbàdàmọ́sí ni bàbá mi ń jẹ́. Káfíńtà ni wọ́n. Ilé wọn àti ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú kan náà ní Ajah, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ilé ẹlẹ́nu ọ̀nà kan tí pátákó orúkọ rẹ̀ ti ṣá tán. Ìyá mi ti kú tipẹ́. Ìyàwó tí wọ́n fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí òun náà ti di olóògbé, ló bí Ishaq, ẹni ọgbọ̀n ọdún báyìí, tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Bàbá, tí kò sì kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Bàbá ò mọ ọ̀rọ̀ kúkúrú sọ. Bí wọ́n bá pè mí, wọ́n á kí mi, wọ́n á kí Láńre ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt, wọ́n á kí ilé, wọ́n á béèrè omi, wọ́n á béèrè iná. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ pákó á wá bẹ̀rẹ̀: ti àná tó tutù, ti òní tí kòkòrò ti jẹ nínú, àgá tí ẹnì kan ní kí wọ́n ṣe tí kò padà wá gbé. Ogún ìṣẹ́jú gbáko. Wọn á wá parí rẹ̀ pẹ̀lú pé kò sí nǹkan kan, pé àwọn kàn ní kí àwọn gbọ́ ohùn mi ni.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mò ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀, ni wọ́n bá ń pè. Wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo gbé e, mo jágbe mọ́ wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí láàárọ̀ mọ́. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ẹ sọ fún Ishaq kó kọ ọ́ ní ìlà méjì, kó gbé e sórí status ẹ̀. Kó má fi í sí chat, chat mi ti kún, mi ò ní rí i. Status ni mò ń wò láràárọ̀."

"Ìlà méjì," wọ́n ní. "Ṣé á gba gbogbo ẹ̀?"

"Kí ni gbogbo ẹ̀, Bàbá?"

Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ṣètò fóònù mi pé bí mo bá ti já ìpè ẹnikẹ́ni, kí ọ̀rọ̀ kan máa lọ bá a: "Mi ò ráyè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ishaq bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó ṣe é kó jẹ́ èmi nìkan ni n ó máa rí i. "Bàbá jí ire. Wọ́n ti kírun, wọ́n ti mu ògì." Lọ́jọ́ kejì: "Bàbá parí bẹ́ẹ̀dì Alhaja. Wọ́n ní kí n kí yín." Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mò ń kà á, mo tún ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ẹ ò rí i, bàbá mi àgbàlagbà ti gba ìlànà mi. Kó tó di oṣù kejì, ó ti wọ àárín irínwó yẹn. Mo ń tẹ̀ ẹ́ kọjá bí mo ti ń tẹ tàwọn tó ń ta wíìgì.

Ohun kan ló kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Iwájú ilé yẹn ni mo máa ń torí rẹ̀ bá Bàbá jà. Pákó ló kún ibẹ̀, òmíràn dúró, òmíràn dùbúlẹ̀, kò sí àyè tí ọkọ̀ lè dúró sí. Bí mo bá lọ, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni n ó gbé ọkọ̀ sí, n ó wá máa fẹsẹ̀ rin inú ẹrẹ̀ bọ̀. Ìgbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, oṣù márùn-ún sẹ́yìn nìyẹn, bàtà tuntun ni mo wọ̀. Mo sọ fún wọn lójú Ishaq pé, "Bí ẹ ò bá kó pákó yìí kúrò, mi ò ní wá mọ́. Bàtà mi ò ní máa bàjẹ́ nítorí pákó."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Pákó yẹn ló san owó iléèwé ẹ, Bàlí," ni wọ́n wí. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Mi ò sì lọ mọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, mo wa ọkọ̀ dé Ajah bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ibi gbogbo kún fún ẹrẹ̀. Fóònù mi ń dún lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ènìyàn ń béèrè bóyá gáàsì ṣì kù. Mo yà wọ òpópónà tó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, mo dé iwájú ilé, mo sì rí i pé kò sí pákó kankan níbẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ jọ sára ògiri. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀, mo gbé e sí iwájú ilé bàbá mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn sí i díẹ̀, kí n tó rántí ohun tó gbé mi wá. Mo ṣílẹ̀kùn, mo sọ̀ kalẹ̀ sórí nǹkan rírọ̀ kan, mi ò wo ilẹ̀.

Wọ́n ti tẹ́ ẹní sábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù. Àwọn obìnrin àdúgbò bíi márùn-ún jókòó síbẹ̀, Mùínàt wà lára wọn. Wọ́n dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dúró nígbà tí wọ́n rí mi. Ishaq wà lórí àga gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ jalabíà funfun. Ó dìde, ó kí mi bó ṣe yẹ kí àbúrò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyẹn ló tilẹ̀ dẹ́rù bà mí jù.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"Ishaq, níbo ni Bàbá wà?"

"A ti sin wọ́n lánàá, lẹ́yìn Aláásárì."

"A ti sin wọ́n bí i ti báwo? Ta ló sọ fún mi? Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín."

"Ìgbà wo? Ishaq, má ti ojú ọ̀fọ̀ parọ́ mọ́ mi o. Ìgbà wo lo sọ fún mi?"

Kò bínú. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ lápò, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó nà án sí mi. Mo rí i níbẹ̀, ìlà méjì: "Ina lilahi wa ina ilaihi rajiuna. Bàbá ti lọ. A ó sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Aláásárì lónìí, a ń retí yín." Nísàlẹ̀ rẹ̀, iye ẹni tó ti wò ó: ẹnì kan. Ó fi ìka fà á sókè. Àwòrán mi ló jáde, mò ń rẹ́rìn-ín, mo wé gèlè, orúkọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àná, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo mọ ibi tí mo wà ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilé oúnjẹ kan ní Lekki ni, èmi àti ọkùnrin kan tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ṣàngótẹ̀dó. Ó dìde lọ gbé ìpè níta. Kí n má baà jókòó lásán, mo gbé fóònù, mo tẹ status àwọn ènìyàn fún bí ìṣẹ́jú méjì títí ó fi padà wọlé. Wọ́n ti gbé ẹja wá nígbà náà.

"Mi ò kà á," mo ní. "Ishaq, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò kà á. Títẹ̀ ni mo kàn ń tẹ̀ wọ́n kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń ṣe é."

"Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Ishaq wí. "Bàbá náà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ọ̀sán nìyẹn sì ni. Ti àárọ̀ ti pa rẹ́ ní tiẹ̀, ó ti lé lọ́jọ́ kan."

"Kí ló wà nínú ti àárọ̀?"

"Ẹ view ẹ̀ nau, Àǹtí. Seven thirty-one."

"Ishaq, jọ̀ọ́."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní kó jẹ́ kí n jókòó ná, kó jẹ́ kí n mu omi. Mi ò jókòó.

"Ohun tí Bàbá pè fún mi ni mo kọ," ló wí. "Wọ́n ní: 'Bàlí, àyà ń dùn mí láti àná. Gbé ọkọ̀ wá ká jọ lọ ọsibítù.' Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Wọ́n ní ṣé kò ju ìlà méjì lọ? Mo ní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Mo ní ká wọ kẹ̀kẹ́ ká máa lọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní rárá, wọ́n ní ṣé Bàlíkísù ti rí i? Mo wò ó, mo ní ó ti rí i. Wọ́n ní ó parí nìyẹn, ó ń bọ̀, kò dáa kó dé kó má bá wa nílé. Gbogbo àárọ̀ ni wọ́n máa ń bi mí bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Àtọdún tó kọjá. Bí mo bá ti gbé e sí i, wọ́n á fà mọ́ mi, wọ́n á ní kí n fi orúkọ yín han àwọn. Wọn ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwòrán yín. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ní Alhamdulilahi, ó ti rí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa lọ gbé ayùn."

"O ò bá pè mí."

"Mo pè yín ní aago mẹ́wàá. Ẹ já a. Ọ̀rọ̀ yín yẹn ló wọlé, pé ẹ ò ráyè. Mo pè ní mọ́kànlá, ẹ tún já a. Mo sọ fún Bàbá pé ẹ ò gbé e o. Wọ́n ní o ò mọ̀ pé ó ń wa ọkọ̀ ni? Wọ́n ní ẹni tó ń wa ọkọ̀ kì í gbé ìpè, kí n má dà yín láàmú lójú ọ̀nà. Èmi náà gbà á gbọ́. Èmi náà ń yọjú wo òpópónà. Ó yẹ kí n ti gbé wọn sẹ́yìn kí n gbé wọn lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Bàbá. Wọ́n jókòó kí ìrun Àyìlá, wọ́n sálámà tán, wọn ò dìde mọ́."

Mo béèrè bóyá wọ́n sọ nǹkan kan. Ó ní wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan ni kí wọ́n tó ṣe àlùwàlá.

"Nígbà tí wọ́n wẹ̀ wọ́n tán," ló tún wí, "mo bẹ Àfáà pé kí wọ́n má tíì bo ojú wọn, ó ku ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Àfáà ní ṣé ó ti gbọ́? Mo fi fóònù hàn wọ́n, wọ́n ní tó bá ti gbọ́, a ó dúró. A dúró di Aláásárì. A kírun tán, a tún dúró. Àfáà wá ní a ò lè máa fi òkú mùsùlùmí dúró de ẹni tó gbọ́ tí kò wá. Ni wọ́n bá fi aṣọ dì wọ́n."

Mùínàt ń sunkún. Èmi ò lè sunkún. Inú ló ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí n ó bínú sí, nítorí gbogbo ibi tí mo bá nàka sí, èmi ni mo ń bá níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún Ishaq pé ó yẹ kó rán ẹnì kan wá sí Thomas Estate, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n èwo ni kó rán ẹnì kan wá sọ ohun tí mo ti rí? Mo jókòó sórí ẹní láàárín àwọn obìnrin náà. Mo mú fóònù mi jáde, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ ṣe nǹkan kan, ọwọ́ mi ló ti mọ́ ọn lára.

Ẹgbẹ̀rún kan ó lé ní igba ló ti wo ọ̀rọ̀ gáàsì. Mùínàt ti fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn mélòó kan létí, wọ́n sì ti ń kí mi. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń tà á ní kílò?" Ẹlòmíràn fẹ́ mọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí, nítorí pé òun fẹ́ kírun Jímọ̀ ní Lekki. Wọn ò ṣẹ̀ mí. Bí mo ṣe kọ́ wọn ni wọ́n ṣe ń ṣe.

Mo ronú pé ó yẹ kí n kọ nǹkan kan nípa Bàbá. Mo kọ ọ́ pé, "Bàbá mi, Gbàdàmọ́sí káfíńtà, kú lánàá ní Ajah." Ìlà kan nìyẹn. Mo wá ń wá ìlà kejì. Mo fẹ́ kọ pé àwọn ni wọ́n ṣe àga tí mo fi ń jókòó kàwé nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀ tuntun sí i bí mo bá ti ń ga. Mo fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń kí èmi àti ọkọ mi kí ọ̀rọ̀ pákó tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kọ pé wọ́n kàn máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn mi ni. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́, mo tún pa á rẹ́. Kò gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi mí lọ́dún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ yé, èmi tí mo bi wọ́n pé kí ni gbogbo ẹ̀. Mo pa fóònù náà.

Nígbà tó ń lọ bí aago mẹ́wàá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí Ishaq kí wọ́n tó lọ sí Jímọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó gbé ẹní dání wo ọkọ̀ mi, ó ní kí ẹni tó ni ín jọ̀wọ́ sún un kúrò, kí àwọn rí àyè tẹ́ ẹní sí. Mo dìde, mo mú kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ fi í síbẹ̀," ni Ishaq wí fún un. "Ẹ tẹ́ ẹní sápá ibí yìí, sà. Ibẹ̀ ni Bàbá ní kí ọkọ̀ yẹn dúró sí."

Mo yíjú sí i. "Bàbá ní kó dúró síbẹ̀ bí i ti báwo?"

"Nítorí yín ni wọ́n ṣe tún ibẹ̀ ṣe."

"Ishaq, ta ló kó pákó kúrò níbí yìí?"

Ó wo àwọn obìnrin náà, ó wo ilẹ̀. "Bàbá fúnra wọn ni," ló wí. "Láti aago mẹ́jọ lánàá. Mo ní kí n bá wọn kó o, wọ́n ní mi ò mọ bí ọkọ̀ yín ṣe gùn tó. Wọ́n fẹsẹ̀ wọn ibẹ̀. Wọ́n á gbé méjì, wọ́n á jókòó, wọ́n á di àyà mú, wọ́n á tún dìde gbé méjì. Mo bá wọn jà títí. Wọ́n ní bó bá dé tí kò bá rí àyè gbé ọkọ̀ sí, á bínú padà. Nígbà tí wọ́n kó o tán, wọ́n ní ẹrẹ̀ ṣì kù. Wọ́n bu lẹ́búlẹ́bú pákó kún garawa, wọ́n dà á síbi tí ilẹ̀kùn yín máa ṣí sí, wọ́n sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè dúró."

Mo wo ibẹ̀. Àyè náà gba ọkọ̀ mi, ó sì tún ṣẹ́kù níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí mo gbà sọ̀ kalẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó náà nípọn lórí ẹrẹ̀, ojú ẹsẹ̀ mi sì wà lórí rẹ̀ láti ibẹ̀ dé orí pèpéle.

Mo wo bàtà mi. Ó mọ́ tónítóní.